Ọta Tí Arlys Fi Kutẹ́ẹ̀sì Kùn

Tí ọkùnrin méjì bá dúró nídìí káńtà ọta ìbọn, kí obìnrin tó bá wọn wá yáa wá ibi jókòó sí. Arlys Hauge ti mọ èyí tipẹ́. Orí àpò iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú awọ ẹran ló jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù Lute, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó ń gbọ́ bí Orrin ọkọ rẹ̀ àti Lute ṣe ń du ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu bí ajá méjì tó rí egungun kan.

Oṣù kẹsàn-án ti wọlé. Ewé ti ń pọ́n lẹ́bàá odò, gbogbo Alaska sì ń wá muusi tí wọn yóò jẹ títí yìnyín yóò fi yọ́. Muusi kan ṣoṣo, tó ga ju ẹṣin lọ, tí ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí apá àwòdì, á bọ́ tọkọtaya àgbà láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru. Ṣùgbọ́n inú igbó tí muusi wà náà ni béárì wà, béárì kì í sì í bèèrè ẹni tó ni ẹran.

Lute ní ọta 444 ló yẹ ẹni tó ti dàgbà. Ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó ń sáré, ibi tí èèyàn bá fojú sùn náà ló ń lọ tààrà. Orrin ní kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀ eré sísá, ológbò náà ń sáré. Ó ní 45-70 tòun nípọn tó àtàǹpàkò, ó sì wúwo, ẹran tó bá gbà á kì í dúró bèèrè pé ta ló ń kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ń yáná nídìí sítóòfù dá sí i, ó ní kí wọ́n má gbàgbé 450. Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Lute bi í pé ìgbà wo ló rí ọta náà rà kẹ́yìn. Ọkùnrin náà ronú, ó ní á tó ọdún méjì.

“Ìyẹn kì í ṣe ọta mọ́,” ni Lute wí. “Ìyẹn ti di ẹbí tó wà lókè òkun.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Arlys náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Kò sí èyí tí wọ́n dárúkọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í tàpá sí ẹni tó bá yìn ín. Irú ìbọn kan náà ni wọ́n ń fi yìn wọ́n, èyí tí irin kan tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí etí ife, téèyàn á tì síwájú, á fà á padà, ọta tuntun á sì bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Ìbọn tó fúyẹ́ ni. Bí ìbọn bá sì fúyẹ́ tí ọta rẹ̀ wúwo, èjìká ẹni tó yìn ín ló ń san ìyókù.

Lute wá fi Orrin ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé ilé ìdáná ni Arlys ṣì ti ń di ọta rẹ̀, ṣé bọ́tà ló ń fi dì í ni àbí ìyẹ̀fun. Orrin na ọrùn sókè. Ó ní tọdún yìí, Arlys á dì í dé góńgó ni, á le débi pé tí òun bá yìn ín níhìn-ín, wọn á gbọ́ ọ nílé Lute, ìyàwó Lute á sì rò pé ọkọ òun ló wọlé. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Arlys?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Arlys dáhùn.

Ojú Orrin ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú òsì ti kú látọjọ́ pípẹ́, èèrún igi kan ló ta sí i níbi tó ti ń la igi ìdáná. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù. Ní oṣù keje tó kọjá, wọ́n jókòó ti oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí Orrin ní kí Arlys ta aṣọ ojú fèrèsé sókè. Aṣọ náà wà lókè. Awọ inú ẹyinjú rẹ̀ ló ti ṣí kúrò lára ògiri bí bébà tí omi ti wọ̀. Ní Anchorage, dókítà ojú kan tí kò tíì tó ọmọ wọn àgbà lọ́jọ́ orí lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ dídùn bá Orrin sọ̀rọ̀. Nígbà tí Orrin lọ wá fìlà rẹ̀, dókítà náà sọ ti gidi fún Arlys.

“Màmá, tó bá jẹ́ bàbá mi ni, mi ò ní jẹ́ kó fi ìbọn kan èjìká títí di ọdún tó ń bọ̀, torí bó ṣe ń tàpá lè ṣí awọ náà padà. Tí kò bá ní gbọ́, kó jẹ́ èyí tó rọ̀ jù lọ. Tó bá rí nǹkan dúdú tó ń fò bí eṣinṣin, awọ náà ló tún ń ṣí, ẹ má dúró kó tán, ẹ gbé e wá.”

Láti ọjọ́ náà ni Arlys ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Tó bá sín, yóò dúró wò ó. Tó bá kọsẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn fìríìjì gbá Orrin níwájú orí, Arlys pariwo débi pé ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, Orrin sì bi í bóyá ilẹ̀kùn ló gbá òun ni àbí ọkọ̀ ojú irin.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó gbìyànjú. Ó ní kí wọ́n ra ẹran lọ́dún yìí. Orrin ní ẹran màlúù ilé ìtajà kò ní ìtàn. Ó ní kí wọ́n bẹ Lute kó bá wọn pa muusi. Orrin wò ó bí ẹni tó ní kí Lute wá bá ìyàwó òun sùn. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ dókítà, gbogbo rẹ̀, títí dé ìdí.

“Dókítà yẹn ò tíì rí béárì rí,” ni Orrin wí, “àfi èyí tí wọ́n fi òwú dì. Béárì tó ń bínú ò mọ ọta tó rọ̀. Dì í kó le, Arlys. Kì í ṣe tèmi nìkan ni mò ń rò.”

Òótọ́ ni, ohun tó sì dun Arlys nìyẹn. Tó bá jẹ́ agídí lásán ni, ì bá mọ bó ṣe máa ṣe é. Ogójì ọdún ló ti fi ń borí agídí Orrin, á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, á sì lọ ṣe ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò purọ́. Béárì wà. Ọta líle lè fọ́ ojú ọkọ rẹ̀, ọta rírọ̀ sì lè sọ ọ́ di opó, tàbí kó sọ àwọn méjèèjì di oúnjẹ.

Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgò èso dídì sí ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ọta wà. Láti ìgbà tí ojú òsì Orrin ti kú, tó sì ń da ẹ̀tù sílẹ̀ bí ẹni ń fún irúgbìn, Arlys ló ń ṣe é. Èèpo idẹ tí wọ́n ti yìn ló máa ń fọ̀, á fi ojú iná tuntun, èyí tí ìbọn ń gbá kó tan ẹ̀tù, sí ìdí rẹ̀, á wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, á da á sínú rẹ̀, á sì fi òjé tó ní orí pẹlẹbẹ dí i lẹ́nu. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣóńṣó, torí inú ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìbọn yẹn, orí ọ̀kan ló ń kan ìdí èkejì. Èyí tó ṣóńṣó lè gún ẹnìkejì rẹ̀ nídìí, kí gbogbo wọn sì bú gbàmù lọ́wọ́ ọdẹ.

Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń dì. Rírọ̀ wà, tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré, èyí táwọn baba ńlá wọn fi pa ẹfọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ìbọn yíyìn ní pápá. Líle wà, èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ kún fọ́fọ́, fún béárì. Kí wọ́n má baà ṣì í mú, ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni wọ́n ti ń fi kutẹ́ẹ̀sì pupa kan ìdí àwọn líle. Ìgò kutẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀ báyìí, ìgbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á. Èékánná Arlys rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọta ló lo ìyókù, ọta sì dára nínú rẹ̀ jù ú lọ.

Ó wọn ẹ̀tù kíún àkọ́kọ́, ó wò ó. Ó dà á padà. Ó tún wọ̀n ọ́n. Níkẹyìn ó di gbogbo ọta tó yẹ kí ìbọn gbé ní rírọ̀, ó tò wọ́n dúró lórí tábìlì bí ọmọ ilé ìwé, ó sì ṣí ìgò kutẹ́ẹ̀sì. Ó kun ìdí wọn ní pupa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ gba inú yàrá. Orrin kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó rí pupa, ó ní, “Ìyàwó tó mọyì ọkọ,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Arlys dijú.

Lẹ́yìn náà ló di díẹ̀ ní líle, líle tòótọ́. Kò kùn wọ́n. Ó kó wọn sínú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó kó ìbọ̀sẹ̀ náà sínú kọ́mú. Kọ́mú náà ti gbé ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, àfi pé láyé ọjọ́un, òkè ló ń gbé e sí.

Wọ́n gbé ọkọ̀ pẹlẹbẹ wọn gba orí odò lọ sí apá ibi tí omi ti dákẹ́, tí igi wílò ṣù bo etí rẹ̀. Òtútù mú mọ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn gòkè, ojú ọjọ́ móoru díẹ̀. Ìpè ni wọ́n fi ń pe muusi lọ́dọ̀ wa. Orrin mú egungun èjìká muusi tó ti gbẹ, ó ń fi ha ara igi bí akọ tó ń bínú. Iṣẹ́ Arlys ni kó ké bí abo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó jẹ́ kí ohùn náà ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kó fà gùn, kó máa sunkún bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sílé ọkọ. Orrin máa ń sọ pé kò sí ibi tó ti kọ́ ọ ju ibùsùn lọ. Lẹ́yìn náà, á fi agolo kọfí bu omi, á máa dà á sínú odò láti òkè, kí akọ tó wà nínú igbó lè rò pé abo ló ń tọ̀. Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tí kò lè di omi mú mọ́ àti ìbẹ̀rù tó wà lára rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó má nílò agolo.

Muusi náà jáde lọ́sàn-án. Igbó mì, ìwo yọ, gbogbo rẹ̀ sì dúró láàárín koríko, èémí ń jáde nímú rẹ̀ bí èéfín. Kì í ṣe gbogbo akọ ni òfin gbà kí wọ́n pa. Arlys gbé awò jíjìn sójú, ó ka ẹ̀ka iwájú ìwo rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn Orrin láti sọ fún un pé ó pé iye tí òfin wí. Orrin gbé ìbọn kan èjìká.

Arlys kò wo muusi rárá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí bó ṣe fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi ìbọn, ojú kan ṣoṣo náà là gbagada. Ìbọn dún. Èjìká Orrin sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé fọwọ́ kan èèyàn kó lè fún un láyè. Ó wo ìbọn náà. Ó tún wo ibi tí muusi wà. Ẹran náà dúró, ó rìn lọ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú sì ká.

Orrin gbé ọwọ́ sókè, ó fi lé nǹkan níwájú ojú rẹ̀.

“Kí lò ń lé?” ni Arlys bi í.

“Eṣinṣin.”

Arlys wò yíká. Kò rí eṣinṣin kankan. Lẹ́yìn òtútù tó mú lóru, ta ló ń rí eṣinṣin? Ó ń ronú bí ọ̀nà odò ti jìn tó, bí ọ̀nà ọkọ̀ ti jìn tó sí Anchorage, ó ń ronú pé rírọ̀ náà ti le jù, pé ọwọ́ òun tí òun fi dì í ló fọ́ ojú náà. Orrin tún fi ọwọ́ lé e. Ní àkókò náà ni nǹkan ta Arlys lẹ́yìn ọrùn. Ó gbá a, ó mú ọwọ́ wá síwájú. Eṣinṣin kékeré kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ti kú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Arlys sì wà ní ikùn rẹ̀. Kò tíì sí eṣinṣin tó ta èèyàn tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà èwe ni wọ́n ṣe é. Ọ̀kan á gé ẹran, ọ̀kan á gbé ìbọn dúró, torí ìró ìbọn lásìkò yìí, agogo oúnjẹ ni létí béárì. Arlys ló ń gé. Ó bọ́ awọ, ó kó ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n sì jọ fà wọ́n dé inú ọkọ̀. Ó padà sórí ẹsẹ̀ iwájú àti ìhà. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Orrin dúró, ó kọjú sí igbó, ọta tí kò ní agbára wà nínú ìbọn rẹ̀, òun kò sì mọ̀. Ohun tí Arlys ń rò nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ ń lọ. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní òun á gé ìhà yìí tán ná. Ó gé e tán, ó ní òun á gé ọrùn ná.

Ẹyẹ ìwò tó ń pariwo lókè igi dákẹ́.

Béárì náà kò sáré wá. Ó kàn ń jáde láti inú wílò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì, orí ńlá, iké ẹ̀yìn, ìyókù ara tí kò tán bọ̀rọ̀. Ibi tó wà kò jìnnà ju ibi téèyàn á ti ju òkò kó ba ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ó gbé imú sókè, ó ń gbọ́ òórùn ohun tí wọ́n ti sè fún un.

“Orrin.”

“Mo ti rí i.”

Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí gbogbo wa ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn tó dúró sójú kan. Ó kí i. Ó ní èèyàn ló wà níbí, pé ẹran ti ní ẹni tó ni ín, kó máa lọ. Béárì náà fi eyín gbá eyín, ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi igi gba igi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Orrin gbé ìbọn sókè.

“Má yìn ín,” ni Arlys wí. Ohùn rẹ̀ jáde kékeré. “Ọta inú ìbọn yẹn rọ̀.”

Orrin kò yí orí padà. “Pupa ni wọ́n.”

“Èmi ni mo kùn wọ́n. Gbogbo wọn. Rírọ̀ ni wọ́n.”

Béárì náà dúró. Orrin náà dúró.

“O rò pé èjìká mi ti kú ni?” ni Orrin wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣì ń bá béárì sọ̀rọ̀. “Ìgbà tí muusi ti gbà á ni mo ti mọ̀. Ó tàpá bí ológbò.”

“O wá dákẹ́?”

“Ta ló kọ́kọ́ dákẹ́? Àwọn ti gidi dà? Mo mọ̀ ẹ́, o ò lè wá síbí láì mú wọn dání.”

“Wọ́n wà ní kọ́mú mi.”

“Kó wọn wá.”

Arlys fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bọ àyà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà jáde. Àwọn ọta náà gbóná nínú rẹ̀. Orrin ti na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára béárì. Arlys wo ọwọ́ náà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ orí ọkọ rẹ̀, ibi tí etí ti ń hu irun funfun, àti igun ojú tí òun ti ń kán oògùn sí láàárọ̀ àti ní alẹ́ láti oṣù keje. Gbogbo ohun tó ti ń sá fún ló wá kóra jọ sí àtẹ́lẹwọ́ kan yìí.

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ ké.

“Gbé ìbọn wá.”

“Arlys.”

“Mo ní gbé ìbọn wá. Èjìká tèmi ò so mọ́ ojú kankan.”

“O ò yin líle rí láyé ẹ.”

“Mo bí ọmọ mẹ́ta.”

Láti ìgbà tí Arlys ti mọ Orrin, kò rí i kó gbé ìbọn náà fún ẹnikẹ́ni nínú igbó, kódà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Béárì náà tún gbé ẹsẹ̀. Orrin tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ sẹ́yìn, títí tó fi kàn án lára, ó sì jọ̀wọ́ ìbọn náà sí i lọ́wọ́.

Arlys ti ọta méjì wọ ihò ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Nínú irú ìbọn yìí, èyí tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ó ti irin abẹ́ rẹ̀ síwájú, ọta pupa kan fò jáde, ó bọ́ sínú koríko. Ó fà á padà, líle bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó gbé e kan èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá béárì sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tí Orrin bá a sọ. Ó bú ìyá tó bí i. Ó bú imú rẹ̀. Ó ní bàǹtẹ́ ìdí ẹ̀ kò tó irú ẹran tó ń wá. Ó ní òun ti bọ́ ọmọ, òun ti bọ́ ọkọ, òun kò ní àkókò fún ọ̀lẹ tí kò lè pa tirẹ̀.

Béárì náà sọ orí sílẹ̀, ó sì sáré wá síwájú, ìgbésẹ̀ díẹ̀, kíákíá.

Arlys yin ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò rí i tán. Òkúta àti ẹrẹ̀ fò sókè. Nǹkan kan tó dà bí ẹṣin ta á nípàá léjìká, ọ̀run yí, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìjókòó láàárín ìfun muusi, ẹsẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí omi ń fọ́n, ó gbọ́ tí igi ń ṣẹ́, ó rí ìdí béárì tó ń wọ igbó lọ. Igi tó ń ṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Béárì náà kò lọ jìnnà.

Orrin kò mú ìbọn. Arlys ló kọ́kọ́ mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú lábẹ́ abíyá, ó fà á dìde, ìfun fà tẹ̀lé e díẹ̀. Ó bi í bóyá egungun ló ṣẹ́. Arlys mi apá, ó dùn ún títí dé eyín, ṣùgbọ́n ó mì. Ó fa irin ìbọn, ọta kejì wọlé. Ó wá wo ọkọ rẹ̀.

“Ohun tó o fẹ́ fi sójú ẹ nìyẹn?”

Orrin wo inú igbó, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà mí láti oṣù keje,” ló wí. “Bí mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú Lute ni mi ò mọ̀. Nígbà tó tàpá bí ológbò yẹn, mo ní, a dúpẹ́. Ojú tì mí. Mo wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbé igi lásán dání, mo ń ṣọ́ ẹ.”

Arlys fẹ́ gbá a. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní òmùgọ̀ méjì ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ kan, ó sì yẹ kí ọkọ̀ náà ti rì.

Ìdajì muusi ṣì wà nílẹ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó, ebi kò sì gbà á. Nínú wílò, nǹkan ńlá kan ń mí. Orrin na ọwọ́ síwájú, bí ó ti máa ń na ọwọ́ gba ìbọn. Arlys kò gbé e fún un. Ọwọ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ tó wà lórí awọ.

Ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ iwájú. Kò tíì gé muusi láti ìgbà tó ti ní ìyàwó, ó sì hàn. Ó ń gé e bí ẹni ń la igi. Arlys dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ rin fún ẹ̀jẹ̀, èjìká rẹ̀ ti ń wú, ó kọjú sí igbó, kò sì mú ojú kúrò níbẹ̀. Etí ló fi ń wo Orrin.

“Kì í ṣe egungun lò ń gé, Orrin. Abẹ́ oríkèé ni. Fi ọwọ́ wá a.”

“Fojú sí béárì ẹ.”

Igi kan ṣẹ́ nínú wílò. Ọ̀bẹ dúró. Arlys fi igi ìbọn ti ibi tó ń dùn ún, ó gbá èémí mọ́ra, ó ń dúró de ìkejì. Ewé mì, ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, abẹ́ oríkèé.